Dùndún àti Dùùrù Lórí Ìtàgé Kan

Lónìí, n kò ní sọ̀rọ̀ lórí gírámà, n kò sì ní túmọ̀ òwe. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Olùgbékalẹ̀ eré orin ni mí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn ènìyàn ni jùjú tàbí fújì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Eré tí mò ń gbé kalẹ̀ ni èyí tí àwọn akọrin onípele mẹ́rin, àwọn tí ń ta fáyólíìnì àti sẹ́lò, ẹni tí ń tẹ dùùrù, àti àwọn àyàn tí ń lu dùndún yóò jọ wà lórí ìtàgé kan ṣoṣo. Lára pátákó ìkéde irú eré bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì kì í wọ́n: "àṣà" àti "ìṣọ̀kan". Ó rọrùn láti kọ wọ́n sára pátákó. Láti rí wọn lórí ìtàgé, iṣẹ́ ni.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń fi yẹ irú eré bẹ́ẹ̀ wò: nígbà tí ohùn méjì pàdé, èwo ni ó yí padà nítorí èkejì? Bí ó bá jẹ́ pé ìlù nìkan ni ó ń tẹrí ba, tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni ó ń ba ìró ara rẹ̀ jẹ́ kí ó lè bá orin òyìnbó mu, a jẹ́ pé ọ̀kan ló gun èkejì lẹ́ṣin. Ẹni tí ó gun ẹṣin àti ẹṣin tí ó gùn jọ ń lọ sí ibì kan náà ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pe ìyẹn ní ìṣọ̀kan.

Ẹ má ṣe rò pé àná ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Kí ọ̀rúndún ogún tó wọlé ni àwọn ará Èkó ti ń pé jọ gbọ́ orin Handel, tí àwọn Sàró tí wọ́n ti Sierra Leone dé àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil dé ń kọrin, tí wọ́n sì ń tẹ dùùrù. Herbert Macaulay, tí gbogbo wa mọ̀ sí olóṣèlú, mọ fáyólíìnì í ta dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi àròjinlẹ̀ wo bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe lè wọ inú irú orin bẹ́ẹ̀ ni T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, ẹni tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì, Màríná, láti 1914 títí di 1962. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní 1953. Kókó rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kò ṣe é yà sọ́tọ̀ nínú èdè wa. Felá Ṣówándé, tí ó kọrin lábẹ́ Phillips nígbà èwe rẹ̀, kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn ní 1944. Inú iṣẹ́ yẹn ni ó ti lo orin Ephraim Amu, ọmọ ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí, tí ó sì fi ohùn háyílàìfù kádìí rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, Folk Symphony ni ó kọ fún ayẹyẹ náà. Ayọ̀ Bánkọ́lé kò pẹ́ láyé (ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà tí ó kú ní 1976), síbẹ̀ ó ti ṣe Ọ̀nà Ara fún akọrin, dùùrù àti àwọn ohun èlò Yorùbá. Ní ti Akin Euba, ẹni tí ó kú ní 2020, ó lọ jókòó ti àwọn onídùndún, ó fi ìmọ̀ ìlù wọn gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní 1974, ó sì ń kọ orin fún dùùrù bí ẹni pé ìlù ni dùùrù. Ẹni tí ó sì kọ odidi ìwé lórí ayé àti iṣẹ́ Euba, tí ó jáde ní 1992, ọmọ Igbo ni: Joshua Uzoigwe, tí òun náà jẹ́ olórin ńlá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ìṣọ̀kan, kí ó kọ́kọ́ wo ibẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà le. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé dò, re, mí ni a fi ń kọ́ ọmọdé ní ohùn mẹ́ta tí èdè wa ní: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Lọ́dọ̀ àwọn olórin ni a ti yá orúkọ wọ̀nyí, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ń sọ Yorùbá ti ń kọrin díẹ̀díẹ̀ kí ó tó mọ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ bí ọkọ. Bí ohùn rẹ̀ bá dúró lójú kan, ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó ni. Bí ó bá gòkè ní ìparí, ọkọ́ tí a fi ń roko ni. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ ni. Ẹ wá ro ti ọmọge tí ó ń fi orin gbàdúrà fún ọkọ, tí ẹni tí ó ṣe orin náà sì mú kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ ní ìparí ìlà. Mọ́tò ni ó tọrọ o! Bí Ọlọ́run bá fún un ní mọ́tò, kí ó má ṣe bínú.

Àwọn tí wọ́n túmọ̀ orin ìyìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀rọ̀ wa lé orí ohùn tí a ti ṣe fún èdè mìíràn. Àwọn bàbá wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ìtumọ̀ wà nínú ìwé tí wọ́n dì mú lọ́wọ́. Ẹni tí kò mú ìwé lọ́wọ́ ni kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àní bí olórin òde òní bá mú kí ohùn sópránò tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ rẹ́gírẹ́gí, àwọn ohùn mẹ́ta yòókù ńkọ́? Ẹwà orin onípele mẹ́rin ti òyìnbó ni pé bí ọ̀kan bá ń gòkè, kí èkejì máa sọ̀ kalẹ̀ láti pàdé rẹ̀. Nígbà náà, sópránò ń sọ̀rọ̀ tí ó ní láárí, báàsì ń sọ ìsọkúsọ. Àwọn kan a máa jẹ́ kí gbogbo ohùn gòkè pọ̀ kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn elégbè wa ti máa ń ṣe. Àwọn mìíràn a ní kí àwọn ohùn ìsàlẹ̀ máa kùn láìpe ọ̀rọ̀ kankan. Èmi fẹ́ràn ti lílé àti ègbè jù: kí ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ jáde ní gbangba, kí àwọn yòókù tó dá a lóhùn. Etí ti mú ọ̀rọ̀ kí ìpele mẹ́rin tó bò ó mọ́lẹ̀.

Bí a bá wá mú ìlù wọ inú ọ̀rọ̀ náà, nǹkan yí padà pátápátá. Ìyáàlù kò ní dò kan tí ó dúró lójú kan. Bí onílù bá fún ọsán rẹ̀, ohùn á gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Gúdúgúdú yàtọ̀ sí èyí: kò ní ọsán tí a ń fún, ìda tí a lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ àti líle awọ rẹ̀ ni ó ń pinnu ohùn rẹ̀, orí ohùn yẹn ni ó sì máa ń wà. Dùùrù náà kì í kúrò lójú kan. Bí alágídí méjì yìí kò bá ṣe déédéé ara wọn, ẹni tí ó jókòó sí ìlà iwájú yóò jẹ eyín pọ̀.

N kò gbàgbé pé àwọn kan ti jìyà lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládiípọ̀ kó ìlù wọ inú orin Àjíǹde tí ó ṣe fún ilé ìjọsìn kan ní Òṣogbo. Àwọn kan nínú ìjọ kò fara mọ́ ọn. Ó kó eré rẹ̀ jáde, Mbárí Mbáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, nígbà tí ó sì di 1964, Ọba Kò So ti dé Berlin. Mo máa ń rò ó pé bí wọ́n bá ti gba ìlù yẹn láyè nínú ìjọ, bóyá a kì bá tí ní Ọba Kò So.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún mi: eré orin fún ọ̀sẹ̀ òmìnira, ní Èkó. Akọrin mẹ́rìndínlógójì, ohun èlò olókùn mẹ́rìnlá, dùùrù kan, àti àyàn márùn-ún láti Ọ̀yọ́ tí bàbá àgbàlagbà kan jẹ́ olórí wọn. Bàbá Àyàn ni gbogbo wa ń pè é. Olùdarí wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kàwé orin dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti ṣẹ̀dá orin kan fún gbogbo wọn lápapọ̀, tí oríkì Ọ̀yọ́ jẹ́ ọkàn rẹ̀. Ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí ni pé kí àwọn tí ń ka nóòtì ṣe ìdánrawò fún oṣù méjì, kí wọ́n wá pe onílù ní ọjọ́ tí ó ku ọ̀la. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn àyàn yóò fi bá wa jókòó, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú owó ọkọ̀, ibi ìsùn àti oúnjẹ. Ẹni tí ó ń ṣírò owó fún wa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ní ìdánrawò àkọ́kọ́, olùdarí dojú kọ Bàbá Àyàn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ fún mi ní dò."

Bàbá ní: "Dò ta ni, ọmọ mi?"

Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún sọ pé: "Sọ ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ kí n wí. Ọ̀rọ̀ ni èmi mọ̀."

Olùdarí dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó kó ìwé orin rẹ̀ dé, ó ti kọ oríkì náà sókè gbogbo ìlà, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo fáwẹ̀lì. Ibi tí bàbá bá gbọ́ gbólóhùn kan ni ó ń wọlé, ibi tí gbólóhùn bá parí ni ó ń jáde. Kò wo ọ̀pá olùdarí rárá. Àwọn olókùn ni wọ́n kọ́ láti máa fetí sí i, èyí kò sì rọrùn fún wọn, nítorí ẹni tí a ti kọ́ láti kékeré pé kí ó máa ka mẹ́rin-mẹ́rin, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ bí ìlù bá ń mí láàárín ọ̀rọ̀. Bákan náà ni olùdarí tún ètò orin náà tò kí akọrin kọ́kọ́ pe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ìyáàlù tó tún un sọ. Àwọn àgbà wa ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ọ̀mọ̀ràn kò pọ̀ mọ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Èkó, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn á gbọ́ ọ lẹ́nu ìlù.

Ìjà gidi dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Orúkọ Ṣàngó wà nínú oríkì náà. Ọ̀kan lára àwọn obìnrin tí ó ń kọ sópránò, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi ò lè fi ẹnu mi pe Ṣàngó." Àwọn méjì mìíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan wá dá a lábàá pé kí a kúkú yọ Ṣàngó kúrò, kí a fi Olúwa sí i. Ó dùn létí bí ìmọ̀ràn ìrẹ́pọ̀, àmọ́ ẹ wo ohùn àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì: Ṣàngó, dò mí, Olúwa, re mí re. Akọrin á máa pe Olúwa, ìlù á sì máa pe Ṣàngó lọ ní tirẹ̀. Ìlù kò mọ bí a ti ń purọ́ fún ìjọ.

Bàbá Àyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìrọ̀lẹ́ tán ni, ó ń ká ẹní rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní: "Ọmọ mi, ọba tó jẹ ní Ọ̀yọ́ ni. Bí mo bá lu oríkì bàbá tó bí ọ, ṣé mo ti di ọmọ bàbá rẹ ni? Àyàn ni wọ́n bí mi, mo sì ń kírun lẹ́ẹ̀màrún lójúmọ́. Ẹni tí mo bá kí, mo kí i ni. N ò bọ ọ́."

Obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ó kúnlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn rẹ̀ padà. N kò fi agbára mú un. Mo gbé àga mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Bí orin yẹn bá kàn, àwọn mẹ́ta náà á jókòó, bí ó bá parí, wọ́n á dìde padà sí àyè wọn. Àwọn kan sọ fún mi pé èyí kò fi ìṣọ̀kan hàn. Lójú tèmi, àga mẹ́ta yẹn jẹ́ òótọ́ ju kí ènìyàn mẹ́rìndínlógójì la ẹnu, kí mẹ́ta nínú wọn má sì gba ohun tí ó ń ti ẹnu wọn jáde gbọ́.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé nínú irú eré bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń to orin Yorùbá kan, orin Igbo kan àti orin Hausa kan tẹ̀ lé ara wọn ní ìparí, kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lè rí ara rẹ̀. N kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ń kọ ọ́ kò mọ ohun tí ó ń wí. Orin Igbo kan wà nínú ètò tiwa náà, ọmọbìnrin kan tí ó ń ta sẹ́lò ni kò sì jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó ti gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn wa lórí ohùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé ohun èlò rẹ̀ kalẹ̀, ó ní àwọn Igbo náà kò yàtọ̀ sí wa. Ó kọ ọ́ sára pátákó fún wa: ákwá ni ẹkún, àkwá ni ẹyin, ákwà ni aṣọ, àkwà ni ibùsùn. Ó mú àwọn akọrin gba inú orin Igbo náà lọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń bá wọn wí bí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Àyàn ti ń tẹ́tí sí i láti ìdí ògiri. Ó ní kí ọmọbìnrin náà sọ gbólóhùn kan ní èdè ìyá rẹ̀, kí ó má kọ ọ́ lórin, kí ó kàn sọ ọ́. Ó sọ ọ́. Bàbá ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá mú kọ̀ǹgọ́, ó fún ọsán, ìyáàlù sì sọ gbólóhùn Igbo náà. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá kò gbọ́ Igbo ẹyọ kan, kò tilẹ̀ béèrè ìtumọ̀ ohun tí ó lù títí di ìgbà tí a ń jẹun. Ó kú oúnjẹ ni ọmọ náà ní kí ó sọ fún ìyá òun.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kù, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe onígbọ̀wọ́ eré náà rán aṣojú wá wo ìdánrawò. Orin oníṣẹ́jú méjìlá pẹ̀lú dùndún ti gùn jù, ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí a gé e kúrò, kí àwọn onílù dúró ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, kí wọ́n máa fi ìlù kí àwọn àlejò pàtàkì bí wọ́n ti ń wọlé. Ní ti owó iṣẹ́ wọn, wọ́n ní a kò nílò láti san án, àwọn àlejò yóò ná wọn lówó. N kò sọ pé ẹnu ọ̀nà jẹ́ ibi ẹ̀gàn fún àyàn. Láàfin Ọ̀yọ́, ìlù ni ó ń sọ fún ọba pé ẹni báyìí ń bọ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ọba wà nínú ilé tí ó ń gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Nínú gbọ̀ngàn tiwa, a ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn àlejò ìkẹyìn, a ó wá bẹ̀rẹ̀ eré tí a pè ní ayẹyẹ àṣà, onílù á wà níta.

Mo sọ fún wọn pé kò ṣeé ṣe. Wọ́n sì dín owó tí wọ́n ṣèlérí kù sí ìdajì. Ohun èlò olókùn mẹ́rìnlá di mẹ́jọ, gbọ̀ngàn ńlá di kékeré, ìdánrawò méjì sì wọmi. Àwọn mẹ́fà tí mo dá dúró lára àwọn olókùn kò mọ ohunkóhun nípa àríyànjiyàn yẹn. Owó iṣẹ́ ni wọ́n pàdánù. Ọ̀kan nínú wọn kò kí mi títí di òní. N kò dá a lẹ́bi.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ eré náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá mú awọ ìlù, ohùn rẹ̀ á rọ̀, oòrùn tàbí iná ni a fi ń mú un le. Kò sí oòrùn, kò sì sí ẹni tí yóò dáná nínú gbọ̀ngàn Èkó. Àwọn ọmọ Bàbá Àyàn gbé gúdúgúdú lọ sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n tò ó ti ògiri jẹnẹrétọ̀ níbi tí ooru wà. Nígbà tí ó di àkókò ìsinmi, mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn ènìyàn ń fi ìwé ètò fẹ́ ara wọn. Síbẹ̀, gúdúgúdú kò padà sí ojú ohùn tí a ti fi ṣe ìdánrawò. Ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Olùdarí wò mí láti orí ìtàgé. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí àwọn olókùn, ó ní kí wọ́n gba ohùn lẹ́nu gúdúgúdú. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò rí irú rẹ̀ rí: ọmọdékùnrin àyàn kan ń lu gúdúgúdú, fáyólíìnì, fíólà àti sẹ́lò mẹ́jọ ń yí èèkàn ohun èlò wọn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n fi bá a. Dùùrù kò lè sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà a ti ìdérí rẹ̀. Ọmọbìnrin onísẹ́lò àti ẹnì kejì rẹ̀ gba iṣẹ́ ọwọ́ òsì dùùrù ṣe láìsí ìdánrawò. Kò pé, mo gbọ́ ibi tí wọ́n ti já. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyáàlù tún oríkì náà sọ lẹ́yìn akọrin, bàbá kan dìde láàárín èrò, ó fi ẹnu dá ìlù lóhùn, ìyáàlù sì dá òun náà lóhùn. Ìyẹn kò sí nínú ìwé orin. Olùdarí gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó dúró dè wọ́n títí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ wọn. Oníṣẹ́jú méjìlá di oníṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.

Ó ku ohun kékeré kan tí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ bí ó ti rí lára. Ìwé ètò tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fún wa dé pẹ̀lú orúkọ gbogbo àwọn olókùn bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn àyàn kún fún àpótí kékeré níbi tí àmì ohùn àti ẹ̀sẹ̀ fáwẹ̀lì yẹ kí ó wà. Ẹni tí ó ń tẹ̀wé náà ní kí a yọ àmì náà kúrò, pé ta ni yóò mọ̀. Mo gbé ìwé náà lọ sí Ṣómólú lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú eré, a sì tún ojú ewé yẹn tẹ̀. Bàbá Àyàn kò kàwé. Ó mú ẹ̀dà mẹ́wàá lọ sí Ọ̀yọ́.

Láti ìgbà náà, olùdarí wa a máa lọ sí Ọ̀yọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù láti kọ́ dùndún lọ́dọ̀ bàbá. Ìṣáájú ni wọ́n fún un. Ó tó ọdún kan àbọ̀ báyìí, bàbá kò tíì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìyáàlù.